Olùkọ́ Tí Ó Fa Ìlà fún Ohùn

Nígbà tí olùkọ́ Yorùbá bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àmì ohùn, ohun tí ó sáábà máa ń sọ fún wọn ni pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí sì ni ohùn òkè. Àwọn ọmọ náà yóò ka igbá, igba àti ìgbà, wọn yóò sì fi dò, re, mí yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni ìwọ̀n yìí ti wá. Inú orin ìsìn àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti ṣẹ̀. Olùkọ́ kan tí àánú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ni ó sì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Orin Gregory ni a ń pe orin ìsìn náà. Kò ní ìlù, kò ní dùùrù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohùn kejì tí ń gbè é. Gbogbo akọrin a pa ohùn pọ̀ di ẹyọ kan, wọn a sì máa tọ ọ̀rọ̀ Látìn lẹ́yìn, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ inú Orin Dáfídì. Kì í ṣe orin tí a lè jó sí, nítorí ibi tí gbólóhùn bá ti sinmi ni orin pàápàá ti ń sinmi. Nígbà mìíràn, sílébù kọ̀ọ̀kan a gba ohùn kan ṣoṣo; nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí ó ti rí lórí Aleluya, ohùn a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ́ títí lórí sílébù kan. Ìlànà tí Benedict fi lélẹ̀ fún àwọn mọ́ńkì ní ọ̀rúndún kẹfà pàṣẹ pé kí wọn máa péjọ fún ìyìn Ọlọ́run ní ẹ̀ẹ̀méje lọ́sàn-án àti ẹ̀ẹ̀kan lóru, kí wọn sì ka gbogbo 150 Orin Dáfídì tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Orúkọ Póòpù Gregory Kìn-ín-ní, tí ó wà lórí oyè láti 590 títí di 604, ni orin náà ń jẹ́. Àwọn ará ìgbàanì máa ń sọ pé àdàbà kan ni ó ń sọ ọ́ sí i létí. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òde òní gbà pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni orin náà tó gba àwọ̀ tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Ọba Pippin àti Charlemagne ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí àwọn ìjọ ilẹ̀ Frank máa kọrin bí ti Róòmù. Ti àlejò àti ti onílé dà pọ̀, ó sì di orin kan.

Ṣùgbọ́n ìṣòro ńlá kan wà: kò sí ìwé orin. Isidore, Bíṣọ́ọ̀bù Seville, tí ó kú ní 636, ti kọ̀wé pé bí ènìyàn kò bá fi ìró pamọ́ sínú iyè, yóò ṣègbé, nítorí pé kò ṣe é kọ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì wẹ́wẹ́ sórí ọ̀rọ̀. Àwọn àmì náà fara jọ àmì ohùn Yorùbá: wọ́n ń sọ pé kí ohùn gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí yóò ti gòkè tó. Ẹni tí ó ti mọ orin tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lè rán létí. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí kò lè rí i kọ́ nínú wọn. Bí àgbà akọrin bá sì kú, ohun tí a kò bá tíì gbà lẹ́nu rẹ̀ ti bá a wọ ilẹ̀.

Mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Guido, tí a bí ní nǹkan bí 991, ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní Pomposa ní ilẹ̀ Ítálì. Ó rí i pé ọmọ lè fi ọdún mẹ́wàá kọ́ orin, síbẹ̀ bí a bá gbé orin tí kò gbọ́ rí síwájú rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu títí olùkọ́ yóò fi ṣíwájú. Ó dùn ún pé àkókò tí ó yẹ kí wọn fi kàwé ni ó ń ṣòfò báyìí. Nítorí náà ni ó ṣe fa ìlà. Ó kọ àmì orin sórí ìlà àti sí àlàfo àárín wọn, tí ó fi jẹ́ pé ipò àmì ni ó ń fi ipò ohùn hàn. Ó kun ìlà kan ní pupa, ó sì fi àwọ̀ ìyeyè kun òmíràn, kí ojú má baà ṣìnà.

Kò dúró níbẹ̀. Orin ìyìn kan wà fún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, tí gbólóhùn kéékèèké mẹ́fà wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ìṣísẹ̀ kan ga ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Guido mú sílébù àkọ́kọ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ut, re, mi, fa, sol, la. Ó ní kí àwọn ọmọ há orin náà sórí. Bí wọ́n bá pàdé ohùn àjèjì, kí wọn wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́wàá ṣe di ti ọdún kan, tàbí ó pẹ́ tán, ọdún méjì.

Àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a yọ̀. Ìlara wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kúrò láàárín wọn, ó lọ sí Arezzo, níbi tí Bíṣọ́ọ̀bù Tedald ti gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Póòpù Jòhánù Kọkàndínlógún, tí ó jẹ oyè láti 1024 títí di 1032, gbọ́ òkìkí rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè é. Nínú lẹ́tà tí Guido kọ sí Michael, mọ́ńkì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ròyìn pé Póòpù ń ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn, kò sì dìde títí òun fúnra rẹ̀ fi kọ ẹsẹ orin kan tí kò gbọ́ rí.

Síbẹ̀, ìlà kò lè gba ohun gbogbo dúró. Ó gba gíga ohùn, kò gba ìrìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àmì àtijọ́ ń fi ibi tí ohùn ti ń yára àti ibi tí ó ti ń fà hàn. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbójú lé ìlà nìkan, wọ́n gbàgbé èyí, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí wúwo. Ìwé orin tí a tẹ̀ ní Róòmù ní 1614 àti 1615 tilẹ̀ gé púpọ̀ nínú àwọn ohùn gígùn kúrò. Ilé àwọn mọ́ńkì ní Solesmes ní ilẹ̀ Fáransé, tí Prosper Guéranger tún dá sílẹ̀ ní 1833, ni ó gba ìtúnṣe rẹ̀ kanrí. Àwọn ará ibẹ̀ wá ìwé àtijọ́ kiri. Láti 1889 ni wọ́n ti ń tẹ àwòrán wọn jáde. Ti orin kan ṣoṣo lé ní 200. Wọ́n fi èyí tí ó ní ìlà wé èyí tí kò ní, títí ojúlówó orin náà fi hàn. Ní 1903, Póòpù Pius Kẹwàá pàṣẹ pé kí Ìjọ Àgùdà padà sí i. Àpérò Vatican ti 1963 fún un ní ipò iwájú, ṣùgbọ́n ó tún ṣí ilẹ̀kùn fún èdè abínibí. Láti ìgbà náà ni Látìn ti dínkù nínú ìsìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ ní Solesmes.

Ut di do lẹ́nu àwọn ará Ítálì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Sarah Glover àti John Curwen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn sílébù náà ṣe ìlànà ìkọrin fún àwọn ọmọdé àti mẹ̀kúnnù; àwọn míṣọ́nnárì gbé e wá sí Áfíríkà, àwọn olùkọ́ Yorùbá sì rí i pé ó bá ohùn èdè wọn mu. Ṣùgbọ́n bí ìlà Guido ti rí ni àmì ohùn rí. Ó lè fi ọ̀nà han ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, kò lè fún un ní adùn ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ èyí ní láti fi etí sílẹ̀ sí ẹnu àwọn tí ó gbọ́ èdè náà jinlẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti sọ ọ́.