Lẹ́tà Ẹ̀yìn Búùtù

Tí ọkọ̀ Jámánì bá kọjá níwájú wa ní Bódìjà, ojú wa kì í kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wà á. Ẹ̀yìn búùtù là ń wò. Tí a bá rí M pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ mẹ́ta, ẹnì kan á ti pariwo. Tó bá wá jẹ́ Benz tí wọ́n kọ AMG sí, ariwo yẹn á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwa tí a ò tíì ní mọ́tò la mọ̀ nípa mọ́tò jù nílùú Ìbàdàn, ẹ má wulẹ̀ bá wa jiyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lẹ́tà yìí, aṣọ lásán ni. Mọ́tò tó wọ̀ ọ́ lè má sá eré kankan ju ti èyí tí kò wọ nǹkan kan lọ. Kò sì yẹ kí èèyàn san owó eré nítorí aṣọ.

Ẹ wo BMW. Ọdún 1972 ni wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní BMW Motorsport, nítorí ìdíje eré ọkọ̀. Ẹ̀ka yẹn ló di BMW M. Tí wọ́n bá ṣe M3, kì í ṣe pé wọ́n mú 3 Series kan kí wọ́n lẹ lẹ́tà mọ́ ọn lára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀, bíréèkì rẹ̀ tóbi, táyà rẹ̀ fẹ̀. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ ojú M pọ̀ ju àwọn tó lè san owó M lọ, BMW náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń ta M Sport. 320i tó bá ní M Sport á ní bọ́ńpà tó mú, rímù tó dára, sítíàrìn tó ki tí wọ́n kọ M sí, nígbà míì sípíríǹgì tó le díẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹ́ńjìnnì 320i náà ló jókòó síbẹ̀. Àwọn kan tún wà láàárín, bíi M340i, tí wọ́n lágbára dáadáa, síbẹ̀ wọn kì í ṣe M3. Ti Audi náà ò yàtọ̀: S line ni aṣọ, S4 ni ara, RS4 ni ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá.

Ti Benz ló dùn wá jù láti sọ. Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher ló dá AMG sílẹ̀ ní ọdún 1967. A àti M dúró fún orúkọ àwọn méjèèjì, G sì ni Großaspach, ìlú tí wọ́n bí Aufrecht sí. Títí di òní, tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì C63, ẹ máa rí àwo kékeré kan lórí ẹ́ńjìnnì tí orúkọ ẹni tó tò ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló to ẹ́ńjìnnì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. (Mélòó nínú àwọn tó ń rán aṣọ fún wa ló lè kọ orúkọ ara wọn sí i?) C63 ti ọdún 2015, V8 ni, 469 horsepower. C300 ti ọdún kan náà, pílọ́gì mẹ́rin ni, 241 horsepower. Àwọn méjèèjì lè wọ bọ́ńpà tó jọra o, torí AMG Line wà fún C300 náà. Àmọ́ lẹ́tà AMG tí ẹ sábà ń rí lẹ́yìn búùtù C300, inú ọ̀rá ni wọ́n ti yọ ọ́. Irú rẹ̀ wà ní ọjà Àràròmí ní Gate.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní Agbowó, tó ń tún fóònù ṣe, kó àjọ rẹ̀, ó fi kún owó tó ti ń tọ́jú, ó ní òun fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ó rí C300 kan ní Challenge, AMG gàdàgbà lẹ́yìn. Owó tí ẹni tó ń tà á fi lé e nítorí lẹ́tà yẹn tó ra ọ̀kadà. A bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé AMG ni lóòótọ́?" Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò rí i ni?"

Bàbá mẹ̀káníìkì tí a mú dání ò fèsì. Wọ́n ní kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Pílọ́gì mẹ́rin, kò sí àwo, kò sí ìbuwọ́lùwé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ohun pupa tó ń dán nínú rímù, tí gbogbo wa ti ń pè ní bíréèkì AMG. Ó mì. Ike ni, wọ́n kàn fi bo bíréèkì C300 ni.

Ibẹ̀ lẹ́rù ti bà wá ju ti owó lọ. Ẹni tó bá gbà pé AMG lòun ń wà, bí AMG ló máa wà á. Ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́nà Èkó, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé òun lè dúró lójijì bí tírélà bá yà síwájú òun. Ike ò lè dá mọ́tò dúró.

Ti BMW rọrùn láti mọ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní í ṣí nǹkan kan. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣí nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. M3 tí wọ́n ṣe ní Jámánì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WBS. Tó bá jẹ́ WBA, BMW ni o, ṣùgbọ́n kì í ṣe M yẹn. X5 tó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 5UX. X5 M gan-an ni 5YM.

A ò bú M Sport àti AMG Line o. Ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ń tà wọ́n, wọn ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi owó ara kún owó aṣọ lọ́jà ló purọ́. Ní tòdodo, aṣọ yẹn gan-an ló bá Ìbàdàn mu. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, tí jálá epo kan kúrò ní ìsàlẹ̀ ₦200 tó fò kọjá ₦500, ta ló fẹ́ máa bọ́ V8 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ring Road? Èèyàn sì lè rí ẹ̀yà ara C300 rà. Ti C63, ẹ máa dúró dè é.

Ọ̀rẹ́ wa ra mọ́tò náà, ní owó C300. Ó fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ó rẹwà. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá lóòótọ́, àmọ́ ìrìnisí náà ni ìsọnilọ́jọ̀: rìwáyà tó kọ́kọ́ bá a wo iná rẹ̀ wo ẹ̀yìn búùtù kó tó dá iye. Fọganáísà náà wò ó. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì wò ó títí, wọ́n ń bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Kò tó oṣù méjì tó fi gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó fi yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn lẹ́tà náà, ó sì fi òwú gé e kúrò díẹ̀díẹ̀. Tí oòrùn bá ràn sí búùtù yẹn, ẹ ṣì lè ka AMG níbẹ̀.