Ẹrù Ọjọ́ Àárẹ̀

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹrin ní ẹ̀ka wa yìí, oṣù Ramadan bọ́ sí àárín sáà ìkẹ́kọ̀ọ́. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo kọ ètò sínú ìwé: màá ka Kùránì parí lẹ́ẹ̀mẹta kí oṣù tó jáde, ìyẹn hísíbù 6 lójoojúmọ́, màá máa dìde kí nàfílà lóròòru, màá kọ orí méjì nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, máàkì mi kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀. Mo lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri.

Ìyá mi ló máa ń pè mí láti jí mi fún sààrì. Lọ́dún yẹn, mo ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu mọ́. Kí ẹ tó pè, màá ti wà lórí ìrun." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, Áfáà."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ bó ṣe yẹ. Mo tilẹ̀ ń wo àwọn tí a jọ wà ní yàrá bí ọ̀lẹ. Lóru ọjọ́ kẹwàá, mo kírun tán ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti ràn. Mi ò jẹ sààrì. Àsùbáà ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tẹ́ẹ̀sì aago mẹ́jọ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, olùkọ́ ti ń gba ìwé. Máàkì 30 lọ báyẹn.

Máàkì nìkan kọ́ ló dùn mí. Nàfílà tí ẹnikẹ́ni ò fi dandan lé mi lórí ni mo kí títí tí ìrun ọ̀ranyàn fi fò mí.

Ìtìjú mú mi. Mo já ìwé náà kúrò lára ògiri, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi ṣí Kùránì. Bí mi ò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi díẹ̀ ṣe?

Nígbà tí mo délé lópin ọ̀sẹ̀, mo sọ ọ́ fún Áfáà tó kọ́ mi ní kéwú. Wọn ò bá mi wí. Ìtàn sàhábé kan ni wọ́n sọ fún mi, Abdullah ọmọ Amr. Ọ̀dọ́ ni, ó ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń fi gbogbo òru kírun. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pè é, wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ní, ìyàwó rẹ̀ náà ní. Wọ́n ní kó máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lóṣù. Abdullah ní agbára òun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń bẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, títí ó fi dé orí ààwẹ̀ Ànábì Dáúdà: ká gbà lónìí, ká má gbà lọ́la. Níbẹ̀ ni wọ́n fi òpin sí. Nígbà tí Abdullah darúgbó, tí agbára dínkù, ó ní ìbá ṣe pé òun ti gba ìrọ̀rùn tí Ànábì kọ́kọ́ fún òun. Síbẹ̀, kò fẹ́ fi ohun tó ti ń ṣe láti ayé Ànábì sílẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé òwe ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n Ànábì kò pa ìtara ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Wọ́n fún un ní òṣùwọ̀n ni. Èmi, ọjọ́ tí ara mi le ni mo fi wọn ẹrù mi. Ọjọ́ àárẹ̀ ló yẹ kí n fi wọ̀n ọ́n.

Mo ti ka hísíbù 54 kí nǹkan tó dàrú. Mẹ́fà péré ló kù nínú 60. Ohun tí mo ń kà lóòjọ́ tẹ́lẹ̀ ni mo wá fi ọjọ́ mẹ́fà kà, mo sì parí Kùránì lẹ́ẹ̀kan. Kíláàsì kìíní tí mo ń lé kò bọ́ sí i. Ìpele kejì, apá òkè, ni mo gbà jáde. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, hísíbù kan lójúmọ́ ni. Oṣù méjì-méjì ni mo ń parí rẹ̀, iṣẹ́ ò sì dí i lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ Áfáà, mo sọ fún ìyá mi pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún máa pè mí fún sààrì."

Wọ́n ní, "Ṣé Áfáà náà máa ń sùn ni?"

Mo ní, "Ó ń sùn, Màmá."