Wọ́kì-tọ́kì Ọwọ́ Àwọn Aṣọ́nà

Ní Challenge níhìn-ín, ní ìlú Ìbàdàn, àwọn ìjọ tí ń fi rédíò aláfọwọ́mú to ọkọ̀ lẹ́nu géètì ń pọ̀ sí i. Ohun rere ni, nítorí ariwo títì wa kì í jẹ́ kí ìpè ẹni dé etí ẹnìkejì. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tiwa pẹ̀lú ti dá owó jọ láti ra mẹ́rin. Ìyá àgbà kan ni ó béèrè bóyá Ìjọba fọwọ́ sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣé kì í ṣe gbangba ni wọ́n ti ń tà á? Èmi ni wọ́n rán láti wádìí.

Ojú òfurufú kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003, Àjọ NCC ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti lo ọ̀nà ìgbì rédíò irú èyí, Àjọ kan náà ni ó sì gbọ́dọ̀ ti yẹ irú ẹ̀rọ náà wò, kí ó sì fọwọ́ sí i. Rìsíìtì oníṣòwò kò lè dípò ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí agbófinró bá sì béèrè, ọmọkùnrin tí ó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, kì í ṣe àwa ìgbìmọ̀.

Baba kan wí pé ọmọ òun ní Lọ́ńdọ̀nù ń lo tirẹ̀ láìgba ìwé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ya ọ̀nà kan tí à ń pè ní PMR446 sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò ju ìdajì wáàtì lọ. Ṣùgbọ́n agbára Baofeng UV-5R, ìlúmọ̀ọ́ká láàrin àwọn olówó pọ́ọ́kú, tó wáàtì mẹ́rin, a sì lè fi ìka yí i sí ọ̀nà púpọ̀, títí kan èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ń tẹ bọ́tìnì kì yóò mọ ẹni tí òun ń dí lẹ́nu. Ní ọdún 2018, àjọ FCC ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn tí ń kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ ìlú, tí wọ́n sì ń tà á.

Irú mìíràn wà tí ń lo káàdì SIM. Ó wọ́n díẹ̀ jù ú lọ, owó dátà sì ń bẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé-iṣẹ́ fóònù, tí ó ti gba àṣẹ tirẹ̀, ni ohùn rẹ̀ ń gbà. Èyí ni mo dá lábàá fún àwọn ọ̀dọ́, pé kí wọ́n ra méjì dípò mẹ́rin, kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi NCC bóyá ó ti fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ náà.