Òkè Aburi: Ẹni Tó Gùn Ún, Kí Ó Mọ Bí Yóò Ṣe Sọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń lọ sí Accra, ọjà Makola ni a ń bá lọ, tàbí ẹbí tí a fẹ́ kí. Bí a bá ti ṣe ohun tí a bá lọ tán, ó di Aflao, ó di Lomé, ó di ilé. Ìwọ̀nba ni ó ń gbójú sókè wo òkè tó nà gbọọrọ bí ògiri ní ìhà àríwá ìlú náà. Bẹ́ẹ̀ òkè yìí kì í ṣe àjèjì sí ìtàn wa. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti jókòó lé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà lórí kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo lọ síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gùn, èmi nìkan. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń fi ojoojúmọ́ jókòó sídìí tábìlì tún ìròyìn kọ, kò ní ẹsẹ̀ ọmọ ogún ọdún mọ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mo sì ti fi kẹ̀kẹ́ kan náà rìn láti Jamestown dé Labadi, débi pé itan méjèèjì ti ń ro mí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láti àárín Accra dé Aburi lé ní kìlómítà 30. Mo kọjá níwájú Yunifásítì Legon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, mo gba Madina, mo gba Adenta. Àwọn awakọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní trotro kò ka ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sí èèyàn. Eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, ètè ń sán. Ɔpɛ ni àwọn Akan ń pe ọyẹ́, Ɔpɛpɔn sì ni oṣù kìn-ín-ní lẹ́nu wọn, oṣù ọyẹ́ ńlá. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń fẹ́ wá, ibẹ̀ gan-an ni mo sì kọjú sí.

Ní Ayi Mensah ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, èrò sì pọ̀ lójú ọ̀nà, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gun òkè náà kí ara wọn lè le. Mo yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń rìn bí ìgbín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Màmá àgbàlagbà kan tó ń rìn lọ, tó kù díẹ̀ kó yà mí sílẹ̀, wò mí, ó ní, “Ayekoo!” Bí àwa náà ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Mo ní, “Ẹ ṣé o, mà.” Ó rẹ́rìn-ín. N kò mọ bí kíkí ṣe ń di agbára nínú orúnkún, ṣùgbọ́n n kò sọ̀ kalẹ̀ títí mo fi dé kọ́nà tó tẹ̀lé e.

Bí òkè ti parí ni mo kan Peduase Lodge, ilé ńlá tí ìjọba Kwame Nkrumah kọ́ ní 1959 fún ìsinmi olórí orílẹ̀-èdè. Mo dúró sí ẹ̀yìn ògiri, mo ń mí hẹlẹ. Wọ́n ti fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966, nítorí náà Jẹ́nẹ́rà Joseph Ankrah ni ó gba Gowon àti Ojukwu lálejò nínú ilé yìí ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 5, oṣù kìn-ín-ní, 1967. Adéyínká Adébáyọ̀, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, wà níbẹ̀. Mọ́bọ́lájí Johnson tó ń ṣàkóso Èkó náà wà níbẹ̀. Àwọn náà bá ọyẹ́ lórí òkè. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní fi ipá yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tán, àdéhùn kan di méjì. Bí Èkó ṣe túmọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí bí Enugu ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, Ojukwu kéde Biafra. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ìbọn dún, kò sì dákẹ́ títí di oṣù kìn-ín-ní, 1970.

Mo tẹ̀ síwájú dé Aburi, níbi ọgbà ewéko tí wọ́n ṣí ní 1890. Ibẹ̀ tutù, àwọn ọ̀pẹ gíga tò lọ bí ọmọ ogun. Mampong, níbi tí Tetteh Quarshie gbin kòkó tó mú wá láti Fernando Po ní 1879 sí, ṣì wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ti parí. Òkè tí mo fi ohun tó lé ní wákàtí kan gùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi sọ̀. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kò lè gbé ara ró mọ́, ọwọ́ ni mo fi di bíréèkì mú títí ìka fi kú, ọkọ̀ ńlá ń fẹ̀gbẹ́ kàn mí, eruku sì ń ta sí mi lójú. Bí mo ń gùn, àárẹ̀ nìkan ni mo bá jà. Bí mo ń sọ̀, ẹ̀mí mi ni mo dì mú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sí Makola, kí ẹ lọ wo òkè yìí, kódà bí ọkọ̀ ni ẹ wọ̀. Bí a bá sì tún gbọ́ pé àwọn aṣáájú wa lọ ṣèpàdé àlàáfíà níbì kan, tí wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà, kí á má tètè jó. Ẹ jẹ́ kí á béèrè ẹni tí yóò di bíréèkì mú nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá sílé.