Kọ̀ǹpútà Kú, Hard Disk Rẹ̀ Kò Kú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sórí pátákó lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí laptop tó ti bàjẹ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí kọ̀ǹpútà kò bá tàn mọ́, a máa ń sọ pé ó ti kú, a ó sì gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ṣùgbọ́n ohun tó kú nínú rẹ̀ lè má ju bọ́ọ̀dù lọ. Hard disk, ibi tí gbogbo fáìlì wà, lè ṣì wà láàyè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọ̀kà, ló ni laptop tí mo fi mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni ohùn bàbá wa àgbà wà. Kí wọ́n tó kú, Màmá gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa, tí wọ́n ń sọ bí bàbá tiwọn ṣe gbin kòkó. Èdè Ọ̀kà gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe Yorùbá ilé ìwé tí mò ń kọ yìí. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́jọ́ kan, laptop kọ̀, kò tàn mọ́.

A gbé e wá sí Ìkàrẹ́. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní bọ́ọ̀dù ti jó, pé òun á rà á kí òun lè tú u fún páàtì. Màmá nílò owó, wọ́n sì ti fẹ́ gbà. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ hard disk rẹ̀ ná." Ó ní bí òun bá yọ ọ́, owó á dínkù. Màmá wò mí, wọ́n wo laptop, wọ́n ní, "Ẹ yọ ọ́. Ohùn bàbá mi kì í ṣe ọjà."

Kéèsì kékeré kan tó ní wáyà USB la rà. Hard disk laptop jẹ́ íǹṣì 2.5, ẹnu SATA ló sì ní: pín-ìn-nì 7 fún fáìlì, 15 fún iná. Ẹnu kan náà wà nínú kéèsì. Ẹ kàn máa tì í wọlé jẹ́jẹ́ ni, ẹ ó sì dé e. Tó bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, íǹṣì 3.5 ni, ó nílò iná fóòtì 12. Fóòtì 5 ni USB ń fúnni, nítorí náà kéèsì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà iná tó dá dúró. Àwọn ti àtijọ́ tí pín-ìn-nì wọn yọ síta bí eyín, IDE ni wọ́n ń pè é. Kéèsì SATA kò lè gbà á. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ẹ má sì ṣí ìdérí irin rẹ̀ láéláé, torí eruku díẹ̀ lè ba àwo inú rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, Windows ní a kò ní àṣẹ láti wọ fódà Màmá, àfi ká tẹ "Continue". Mo dúró, mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́, àmọ́ fódà tí mo bá sọ nìkan ni kó o ṣí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Bàbá sọ̀rọ̀, Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Ibi méjì la da ohùn náà kọ sí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tí tiyín bá ní kí ẹ "format" tàbí kí ẹ "initialize", ẹ má gbà fún un bí ẹ bá ṣì fẹ́ nǹkan inú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ 500GB ni wọ́n kọ sára rẹ̀ tí ẹ rí nǹkan bíi 465, wọn ò jí nǹkan kan. Ẹni tó ṣe é ka GB kan sí báìtì 1,000,000,000. Windows kà á sí 1,073,741,824.

Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tó ń tà á láìyọ ọ́ pẹ̀lú. Ní 2009, tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi fíìmù kan hàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti yunifásítì kan ní Kánádà ṣe. Wọ́n ra hard disk àlòkù ní Ghana, wọ́n sì bá ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kan nínú ọ̀kan. Kéèyàn "delete" kò tó, nítorí ọ̀nà tó lọ síbi tí fáìlì wà ló ń pa rẹ́. Fáìlì fúnra rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn á fi gba àyè rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n ta kọ̀ǹpútà kankan nílé yín, ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ hard disk rẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ̀dà méjì ohun tí owó ò lè rà. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń tì í sínú kéèsì han òun, kó wá bá mi lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Ọ̀fẹ́ ni.