Ọmọ Ọba Tó Ń Ki Èèyàn

(Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní ọjà Treichville, Abidjan. Ẹ̀gbọ́n kì í kúrò nídìí ọjà rẹ̀. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mali dé ni.)



Ẹ̀GBỌ́N: Káàbọ̀ o, ará Bamako! Wọ́n ní o dé ìlú Salif Keïta, olórin Mali.

ÀBÚRÒ: Mo dé Djoliba, lẹ́bàá odò Ọya, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1949. Ìran Sundiata tó dá ilẹ̀ ọba Mali sílẹ̀ ni ìdílé rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ ọba gidi! Kí ló wá gbé e dé ìdí orin?

ÀBÚRÒ: Àfín ni. Iṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ ṣe, ojú rẹ̀ ò ríran tó. Nígbà tó kọjú sí orin, ilé gbóná. Lọ́dọ̀ wọn, jeli ló ń kọrin, bí ọmọ Àyàn ṣe ń lùlù lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọba ni wọ́n ń kì, òun kì í ki ẹnikẹ́ni. Ní 1967, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di Bamako. Ó bá ẹgbẹ́ olórin Rail Band kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì ibùdókọ̀ ojú irin, kó tó bọ́ sínú ẹgbẹ́ Les Ambassadeurs ní 1973.

Ẹ̀GBỌ́N: Sunny Adé náà, ṣebí ọmọ ọba Oǹdó ni? Àwa kọ́ là ń náwó fún un lójú agbo? Ìtàn Salif tó kù, èmi ni kí n sọ ọ́, Abidjan níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Bamako gbóná, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sá wá síbí, wọ́n sì gba orin Mandjou sílẹ̀ ní 1978. Bí gìtá Kanté Manfila bá ti ń rọra lọ, tí ohùn Salif wá bẹ́ sí i, mo máa ń gbàgbé iye ọ̀pá aṣọ tí mo ti wọ̀n fún oníbàárà.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣáà mọ ẹni tó ń kì nínú rẹ̀. Sékou Touré, ààrẹ Guinea, tó fi oyè dá a lọ́lá.

Ẹ̀GBỌ́N: Sékou Touré tó ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Camp Boiro! Diallo Telli, akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún OAU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, ibẹ̀ ni wọ́n febi pa á sí ní 1977. Ọdún kejì ni wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀.

ÀBÚRÒ: Olóore ẹni là ń kì, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Jeli lè wí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ọmọ Sundiata ń kọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ má fi ti orin kan pa oore rẹ̀ rẹ́. Ó dá àjọ sílẹ̀ fún àwọn àfín. Nantenin ọmọ rẹ̀, àfín bíi tirẹ̀, sáré gba wúrà fún Faransé ní Paralympics Rio, 2016.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo kí i kú oríire ọmọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kó má kọrin, irọ́ ni wọ́n pa. Òǹrorò ni wọn ì bá ní kó má kì. Mandjou dùn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Sékou Touré ni kò tọ́ sí i.