Yàrá Márùn-ún Nínú Ẹ̀rọ Kan

Ilé àyágbé kò dàbí ilé ẹni. Ayálégbé kò gbọdọ̀ dá ihò lu sí ara ògiri láìkọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé. Bí ọdún bá sì yí po tí owó ilé kò pé, ẹrù rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní ìta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ayé òde òní. Ìwé tí wọ́n kọ àti ìṣirò tí wọ́n ṣe ń bẹ nínú ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí wọn kò fi ojú rí rí. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó. Ọjọ́ tí owó bá tán ni ilẹ̀kùn ń tì. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wá ọ̀nà láti di onílé nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn.

Ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kan ní ìlú Ìbàdàn, tí ó ń kọ́ ọmọ 5 ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́ nínú ilé rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó lágbára ni olùkọ́ náà ní. Àwọn ọmọ sì mú ohun tí agbára òbí wọn ká wá: kọ̀ǹpútà àgbéká tí ẹ̀gbọ́n ti lò gbó ni ti òmíràn, fóònù lásán ni ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ líle lé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lórí, ńṣe ni wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tí ń gun òkè Màpó. Bí olùkọ́ bá sì ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni kan ni yóò máa kọ́ṣẹ́, àwọn 4 yòókù yóò máa wòran. Ohun tí ó ń wá ni ọgbọ́n tí ẹ̀rọ kan yóò fi di márùn-ún.

Ọgbọ́n náà wà, oríṣi ìmọ̀ méjì ni ó sì papọ̀ di í. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ kan ní ibùdó ìwádìí ní ìlú Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ètò kan tí ń jẹ́ VNC sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí ojú kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó jìnnà sí i. Bí ẹni tí ó wà lókèèrè bá tẹ lẹ́tà kan, ìròyìn rẹ̀ yóò padà lọ sí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ gan-an. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí kò lágbára kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe: ìran ni ó ń fi hàn, òun kọ́ ni ó ru ẹrù.

Ìmọ̀ kejì ni ti kọ̀ǹténà. Ẹni tí ó bá ti dé èbúté Apápá yóò ti rí àwọn àpótí irin gbàgbàràgbà tí ọkọ̀ òkun ń kó wá. Ohun yòówù kí ó wà nínú wọn, ìrísí kan náà ni wọ́n ní, ẹ̀rọ kan náà ni ó sì ń gbé wọn sọ̀. Orúkọ àpótí yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà yá lò. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Solomon Hykes fi ètò Docker han àwùjọ kan ní Santa Clara, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Docker a máa di ètò kan pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó nílò sínú kọ̀ǹténà tirẹ̀. Àwọn kọ̀ǹténà inú ẹ̀rọ kan dàbí yàrá inú agbo-ilé: olúkúlùkù ni ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kànga kan náà ni gbogbo wọ́n ń pọn. Kànga yìí ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991. Nítorí pé kò sí ẹni tí ń gbẹ́ kànga tuntun fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kò pẹ́ rárá tí yàrá fi ń ṣí.

Ètò tí ó so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀ tí olùkọ́ náà yàn ni Kasm Workspaces. Búráúsà tí gbogbo ènìyàn fi ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni ọmọ yóò fi wọ yàrá rẹ̀. Irú rẹ̀ tí kò gba owó fi àyè gba yàrá 5 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣe rẹ́gí pẹ̀lú iye àwọn ọmọ náà. Olùkọ́ ṣe ìṣirò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. RAM ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ gìgábáìtì 16. Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá gba 2, 10 ti lọ, 6 ni ó sì ṣẹ́kù fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Ó fi Ubuntu, tí í ṣe ọ̀kan nínú ẹ̀yà Linux, sórí ẹ̀rọ náà, ó sì gbé ètò Kasm kalẹ̀ lé e. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹ̀rọ kọ àwọn ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé jáde; olùkọ́ dà wọ́n kọ sínú ìwé, ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Nígbà tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ fẹ́ wọlé, búráúsà kìlọ̀ fún wọn pé òun kò mọ ẹni tí ó ni ilé yìí, nítorí pé ẹ̀rọ náà ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀. Olùkọ́ ní kí wọ́n wọlé, nítorí wọ́n mọ onílé. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí wọ́n bá rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àjèjì, kí wọ́n padà sẹ́yìn.

Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ gidi síbẹ̀, ó ní kí ọmọ kan kọ gbólóhùn kan, kí ó pa yàrá rẹ̀ rẹ́, kí ó sì ṣí òmíràn. Gbólóhùn náà ti pòórá. Bí ẹ̀dá kọ̀ǹténà ti rí nìyẹn: bí wọ́n bá pa á rẹ́, ohun inú rẹ̀ a bá a lọ. Nítorí náà, olùkọ́ ya ibìkan sọ́tọ̀ lẹ́yìn àwọn yàrá náà, tí ó dàbí àká, níbi tí iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò máa wà títí.

Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣí ẹ̀rọ náà sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ lè máa lò ó láti ilé. Ẹ̀bẹ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, síbẹ̀ kò gbà. Ní inú ilé rẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ nìkan ni ó ń kan ilẹ̀kùn, wọn kò sì nílò láti ra dátà. Ẹnu ọ̀nà tí ó bá ṣí sí gbogbo ayé, olè ayé gbogbo ni yóò máa dán an wò tọ̀sántòru. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ọjọ́ tí òun bá kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ẹnubodè náà ni òun yóò ṣí i.

Ẹrù onílé kò mọ síbẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ, yàrá márààrún ni yóò ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ó ra bátìrì tí yóò gbé ẹ̀rọ ró títí wákàtí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn ọmọ sí ibòmíràn, nítorí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè bàjẹ́ lójijì.

Agbára òjò kò ní òun kò nílé wó; onílé ni kò ní gbà fún un. Ayálégbé lè máa sùn bí òrùlé bá ń jò, kí ó sì bínú sí onílé bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tí ó bá ti di onílé kò ní ẹlòmíràn tí yóò bínú sí. Gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú, òun ni yóò dìde wo òrùlé, kí àwọn tí ó wà nínú yàrá lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ.